Ẹ̀rọ Atọ́nà fún Àwa Tí Ń Wẹ Òkú

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Ṣómórìn,
                                        Ìkòsí-Kétu,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje, 2025.

Sìlífátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tí Ọlámidé fi ṣèṣe níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti san? Mo gbọ́ pé oòrùn mú ní Birmingham lọ́dún yìí débi pé ẹ̀yin náà ń wá fáànù kiri. Ẹ kú ìfaradà o. Òjò ló ń dà wá láàmú níbí ní tiwa. Ara mi le, ara bàbá Tiwa náà le. Tiwa ọmọ mi fúnra rẹ̀ ti ga jù mí lọ báyìí, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé: gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ mú nǹkan lórí kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń bi mí pé ṣé kí òun bá mi mú un.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lóṣù tó kọjá. O ní o fẹ́ ra ẹ̀rọ atọ́nà fún ẹgbẹ́ wa, àwa obìnrin tí ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí, kó jẹ́ sàdákà lórúkọ màmá rẹ. O ní kí n yan èyí tó máa ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, tó sì máa ṣiṣẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, torí mo ti sọ fún ọ pé bọ́ọ̀sì nìkan ò lè gbé wa dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè wá. Alhaja Tàwàkálítù, olórí wa, ti ṣàdúrà fún ọ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ gbogbo ìdílé yín tán. Èmi ni mi ò tíì fún ọ lésì. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí, mo mọ̀ pé ó ń yà ọ́ lẹ́nu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Bámi, ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Tí mo bá ní kí n fi fóònù sọ ọ́, mi ò ní lè sọ ọ́ tán.

Kí o tó ra ohunkóhun, Sìlífátù, mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo wẹ màmá rẹ.

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi gbé e mọ́ra. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, tí o ń sunkún, tí o ń dúpẹ́ pé ọwọ́ mi ni màmá gbà lọ, ó yẹ kí n sọ nígbà yẹn. O bi mí pé báwo ni ojú wọn ṣe rí. Mo ní ó mọ́lẹ̀, mo ní wọ́n dà bí ẹni tó ń sùn. Mi ò rí ojú wọn. O mọ̀ pé wọ́n ti sọ ọ́ níwájú àwa méjèèjì, lọ́dún tí o wá sílé kẹ́yìn, pé bí àsìkò bá tó, èmi Hidayat ni kí n wẹ àwọn, torí ọwọ́ mi kì í le. Ìwọ bínú, o ní kí wọ́n yé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dá wọn lóhùn pé màá ṣe é.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí Kabir àbúrò rẹ kó wọn lọ sí ilé tuntun tó gbà ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn Òwódé Onírin. Mi ò tíì débẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí màmá bá pè mí ni mo ń sọ pé mo ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí Kabir pè mí pé wọ́n ti lọ. Mo ní kó fi lokéṣọ̀n ilé ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Ó fi ránṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tó máa ń dúró sójú kan, èyí tó máa ń bá fóònù rìn ni. Òun ò mọ̀, èmi náà ò wò ó dáadáa. Níyì, awakọ̀ wa, gbé fóònù mi síwájú rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé e lọ.

Kabir, ní tirẹ̀, ti gun ọ̀kadà lọ ra aṣọ funfun. O mọ bí àwọn ọmọkùnrin wa ṣe rí. Tí ìyá wọn bá kú, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró, àfi kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ra aṣọ tí wọ́n máa fi sin ín. Aṣọ sì wà nínú bọ́ọ̀sì wa, káńfọ̀ wà níbẹ̀, lọ́fínńdà wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ Òwódé ni fóònù ní ká yí padà. A yí padà. Ó ní ká máa lọ sí Mile 12. Kí a tó débẹ̀, ó ní Kétu ni. A dé Kétu, ó tún dá wa padà sí Mile 12. Alhaja ń béèrè pé ṣé ilé náà ń rìn ni. Mo pe Kabir títí, ariwo ọjà ò jẹ́ kó gbọ́. Nígbà tó yá, Níyì páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, ó ní, "Aunty, a ti débẹ̀ o." Mo wọnú ṣọ́ọ̀bù, mo bá Kabir níbi tó ti ń na aṣọ funfun wò. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ah, Aunty Hidayat, kí lẹ wá ṣe níbí?"

Tí ẹ̀rín bá pa ọ́ níbẹ̀, má fi ṣe nǹkan kan. Èmi náà ti fi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rín rín.

Kabir bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, ó ń júwe ọ̀nà fún Níyì. Bí a ṣe dé àdúgbò, àwọn landlord ti ti géètì òpópónà pa, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀nà kejì wà, àmọ́ omi odò ti bò ó. Géètì kékeré tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà ló ṣí sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ á kọjá níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ò lè kọjá. A sọ̀kalẹ̀, a gbé ẹrù wa, a fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Alhaja pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Bí a ṣe dé iwájú ilé, àwọn ọkùnrin ń gbé wọn jáde kí wọ́n lọ kírun sí wọn lára. Àwọn obìnrin méjì kan ní àdúgbò ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti fi aṣọ tó wà ní mọ́ṣáláṣí wọn dì wọ́n. Wọ́n ti bo ojú wọn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ike káńfọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí débi pé mi ò béèrè orúkọ àwọn obìnrin náà.

Mo fi Ọlọ́run búra fún ọ, kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìsìnkú màmá. Èmi ni mi ò dé. Kabir ò sọ fún ọ torí ó gbà pé ẹ̀bi òun ni. Mo sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá pé màá kọ̀wé sí ọ, ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Èmi ò sọ torí pé gbogbo ìgbà tí o bá tún dúpẹ́, ṣe ni ọ̀rọ̀ náà ń nira sí i láti sọ. Àfìgbà tí o wá ní o fẹ́ náwó lé e lórí ni mo rí i pé tí mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ láìsọ, mo ti jí nǹkan rẹ nìyẹn.

Jẹ́ kí n wá sọ ti ẹ̀rọ fún ọ, torí o bi mí, mo sì wádìí rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ màmá ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń wá.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni a wá kẹ̀kẹ́. Damaris, aládùúgbò mi, ló fún wa ní èyí tí kò lò mọ́. Òun àti ẹgbẹ́ wọn máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ògùdù ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì la máa ń so ó mọ́. Níbi tí bọ́ọ̀sì bá ti dúró, èmi á gbé aṣọ àti ohun èlò sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, màá ṣíwájú, kí àwọn ẹbí lè gbé omi kaná, kí ọkàn wọn sì balẹ̀ pé a ti dé. Àwọn tó kù á máa rìn bọ̀. Mo mọ̀ pé o ti ń rántí gọ́tà tí mo já sí ní Form Two. Jọ̀ọ́, gbàgbé ẹ̀. Ṣòkòtò ni mo ń wọ̀ sábẹ́ jìlìbáàbù, mo máa ń fi rọ́bà so ẹnu rẹ̀ mọ́ kókósẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń pariwo "Alhaja bike!" tẹ̀ lé mi, èmi á sì tẹ agogo fún wọn.

Fóònù ni a kọ́kọ́ gbìyànjú, torí òun ló wà nílẹ̀. Mo so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Tí oòrùn bá tàn sí i, mi ò ní rí nǹkan kan lójú rẹ̀ ju ojú ara mi lọ. Ó máa ń gbóná, á sì pa ara rẹ̀. Bí òjò bá dé, ó di kí n fi nylon wé e. Tí a bá sún mọ́ etí odò, network á lọ. Èyí tó sì burú jù ni pé àwọn ẹbí olóògbé ò ní yé pè, bí wọ́n bá sì ti pè, àwòrán ọ̀nà á pòórá lójú rẹ̀.

Damaris wá yá mi ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ó kéré, kò ju páálí ìṣáná lọ. Iná rẹ̀ ń pẹ́, mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta láì chájì ẹ̀, òjò ò sì ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ kì í sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ kí o yà, á kàn ké pín-pín, o máa ní láti tẹ orí wò ó. Ó tún ń sọ iye ìgbà tí àyà èèyàn ń lù. Alhaja ní ta ló rán an níṣẹ́, pé iṣẹ́ tí a ń lọ ṣe, ti ẹni tí àyà rẹ̀ ò lù mọ́ ni. Nígbà tí a gbé e sínú bọ́ọ̀sì, ó rò pé kẹ̀kẹ́ ni gbogbo wa ń gùn. Ó ní kí Níyì gbé bọ́ọ̀sì gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Mile 12. Níyì yọ ọ́, ó dá a padà fún mi.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ṣe fún mọ́tò. Níyì yá a lọ́wọ́ awakọ̀ kan. Ó fẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè débi pé Alhaja gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Nínú bọ́ọ̀sì, mi ò lè bú u. Lórí kẹ̀kẹ́, iná rẹ̀ kú kí wákàtí kan tó pé, torí ara iná mọ́tò ló ti ń jẹun. Ó tún wúwo, bí mo bá ti kọlu kòtò, á dojú bolẹ̀. Títì ńlá nìkan ló mọ̀. Ó fẹ́ kí n gbé kẹ̀kẹ́ bọ́ sáàárín àwọn tírélà ní Ikorodu Road. Mo ní mi ò tíì ṣe tán tí wọ́n máa wẹ èmi náà.

Èyí tí mo fẹ́ràn ni èyí tí Ẹnjiníà Godwin, ọmọ ẹgbẹ́ Damaris, yá wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò tóbi, kò kéré, ó wọ àtẹ́lẹwọ́. Ó ní iná tirẹ̀ tó ń lo wákàtí mẹ́fà, ó sì ń gba iná nínú bọ́ọ̀sì. Tí a bá wà nínú bọ́ọ̀sì, o máa tẹ àwòrán mọ́tò. Tí mo bá yọ ọ́ sórí kẹ̀kẹ́, màá tẹ àwòrán kẹ̀kẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi gba ojú ọ̀nà kéékèèké. Ó ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tútù lè tẹ̀ ẹ́, èyí sì ṣe pàtàkì fún irú iṣẹ́ tiwa. Àwòrán ìlú wà nínú ikùn rẹ̀, kò nílò network. O sì lè fi ibi tó o bá fẹ́ pamọ́ sínú ẹ̀, á dúró síbẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni lọ ra aṣọ.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ó wọ́n ju méjèèjì tó ṣáájú lọ. Bó ṣe ń pe orúkọ àdúgbò wa, ìwọ náà ò ní mọ̀ pé Kétu ni. Kò sì mọ géètì àwọn landlord. Ìyẹn, àwa la máa fi ọwọ́ ara wa kọ́ ọ: bí a bá ti dé géètì kan, a máa sàmì sí i pé bọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. A ti sàmì sí mọ́kànlá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà. Tí o bá fẹ́ rà á, bi wọ́n dáadáa pé ṣé àwòrán Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, torí ti ọ̀dọ̀ yín nìkan ló wà nínú àwọn kan. Kí o sì ra ohun tí wọ́n fi ń gbé e dúró méjì, ọ̀kan fún bọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún kẹ̀kẹ́, kí a má baà máa tú u lójú àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀.

Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe gbogbo rẹ̀, mo fẹ́ kí o mọ̀. A ti ṣòfin báyìí pé ẹni tó bá pè wá gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí olóògbé wà kó tó fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́, kó sì fi èyí tí kì í rìn ránṣẹ́. Tí wọ́n bá tún ní àwọn ń lọ ra aṣọ, Alhaja fúnra rẹ̀ ló máa ń gba fóònù. Á ní, "Jókòó ti ìyá ẹ. Aṣọ ń bọ̀."

Ẹ̀rọ Godwin yẹn náà ni mo fi wá àwọn obìnrin méjì tó wẹ màmá. Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, mo ní kí Kabir dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kó fi ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Níyì gbé mi dé géètì, mo gun kẹ̀kẹ́ wọlé. Ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ ni láti Kétu. Ojú ọ̀nà tí mo fi gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kan wá, Sìlífátù. Kabir mú mi lọ sí ilé kẹta sí tirẹ̀. Hàlímátù lorúkọ èyí tó kéré nínú wọn, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni èkejì, wọ́n ti dàgbà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Mo sọ orúkọ mi. Hàlímátù gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni Aunty Hidayat?"

O mọ òfin iṣẹ́ wa. Ohun tí ẹni tó wẹ òkú bá rí lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ jáde, àfi tó bá jẹ́ ohun tó dáa. Nítorí náà mi ò béèrè, òun ló sọ fúnra rẹ̀. Ó ní ara màmá fúyẹ́, ó sì mọ́, pé lààlì tí wọ́n lé nígbà Iléyá ṣì kù díẹ̀ ní ṣónṣó èékánná wọn. Ó ní ojú wọn balẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ọ láìrí i, ẹni tó rí i ló sọ ọ́ fún mi yìí, mo wá ń fi jíṣẹ́ fún ọ.

Ó ní kí Kabir tó jáde lọ ra aṣọ, ó ti sọ fún àwọn pé Aunty Hidayat kan ń bọ̀ láti Kétu, òun ni màmá ní kó wẹ àwọn. Wọ́n dúró dè mí. Wọ́n gbé omi kaná, omi tutù, wọ́n tún un gbé kaná. Nígbà tí ìrun àìlà fẹ́ wọlé, tí àwọn ọkùnrin ti ń béèrè, ìyá ọkọ Hàlímátù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá alààyè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Màmá Sìlífátù, ẹ má bínú. Hidayat wà lọ́nà. Àwa la máa bá a wẹ̀ yín."

Wọn ò rí mi rí, wọ́n sì fi orúkọ mi wẹ̀ wọ́n. Mo sunkún síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn, mi ò lè pa á mọ́ra. Ìyá náà kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, wọ́n kàn ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti Ọlámidé. Alhaja Tàwàkálítù ní kí n kí ọ, Damaris náà ń kí ọ, Kabir ń dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o ra ẹ̀rọ náà. Tí o bá bínú, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i, tí o bá sì ní o kò rà mọ́, iṣẹ́ wa ò ní dúró. Àmọ́ gbogbo ọpẹ́ tí o ti dú lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá, mo ń dá a padà, torí kì í ṣe tèmi. Tí o bá rà á, ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin méjì náà ni ibi àkọ́kọ́ tí màá fi pamọ́ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá wálé, Níyì á gbé wa dé géètì, èmi á sì fi ọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ débẹ̀, kí o lè fi ẹnu ara rẹ kí àwọn tó wẹ ìyá rẹ.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tó ti ń dúró de èsì rẹ láti ìsinsìnyí,
                                        Hidayat.